Bí A Ṣe Gbé Rígì Dé Òde-Omi Tí Kò Sì Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará Òkè-Àgbò, mo ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dá mi dúró lójú títì. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń bi mí pé, "Sìdíkátù, ṣé wọ́n sá ẹ sóòrùn ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sá mi sóòrùn, ẹ̀gbẹ́ ẹja ni wọ́n sì sá mi sí. Imú mi bó, ọwọ́ mi le bí èèpo igi, inú mi sì dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín kà á, kí n lè ráyè lọ ra ata.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, inú sọ́míìlì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Àbúrò bàbá mi ló ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn tó ń la pákó ṣe, ọwọ́ mi sì ti mọ sípánà kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ró ìró. Ní báyìí, mò ń bá àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Rígì ni à ń pe ẹ̀rọ wa, irin gíga tó ń yí páìpù wọnú ilẹ̀ títí yóò fi kan omi. Àwọn ẹlòmíràn ló ń fi í gbẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí ó má bàjẹ́. Bí mo bá ṣe é dáadáa, ohunkóhun kì í ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi máa ń sọ fún àwọn ìyá àdúgbò pé òun ò mọ ohun tí ọmọ òun ń ṣe gan-an.

*Àgọ́-Ìwòyè sí Ibíàdé*

Àgọ́-Ìwòyè ni a ti gbé Ọ̀gá Múfú, ẹni tó ń darí rígì wa. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń sáré lọ sí kíláàsì, ó gbé ọ̀rá ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná dání. Kò tíì jókòó tán nínú ọkọ̀ tó fi bi mí pé, "Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ara ọkọ mi ló ń béèrè. "Ara rẹ̀ le, sà. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo pààrọ̀ fílítà, mo fún gbogbo oríkèé rẹ̀ ní gírísì."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù omi ń bà mí, sà."

Ọ̀jọ̀jọ̀ há a lọ́fun. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ìwọ tí o ti ń bá wa wá omi kiri láti ìgbà yìí wá!"

"Omi abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn, sà. Ìyẹn ò lè gbé mi lọ."

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń yí padà. Ilẹ̀ pupa tiwa di dúdú, dúdú di iyanrìn. Igi ń kúrú sí i, ojú ọ̀run ń fẹ̀ sí i. Mo yọ orí síta bí ọmọdé tí wọ́n ń mú lọ síbi ìgbéyàwó. Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sí Ibíàdé, kí ènìyàn tó kí wa.

Ìwà kan wà ní Ibíàdé tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹnikẹ́ni kì í bi àlejò níbi tó ń lọ títí àlejò yóò fi jẹun tán. Wọ́n bu fùfú fún wa pẹ̀lú ẹja tútù, ata rẹ̀ sì mú débi pé Ọ̀gá Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìgbà tí a fọwọ́ tán ni ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi orí júwe rígì wa.

"Níbo ló ń lọ?"

"Òde-Omi," ni mo dá a lóhùn. Mo fi ìgbéraga díẹ̀ sí i.

"Háà." Ó bu omi mu. "Àwọn kan ti gbé irú ẹ̀ lọ síbẹ̀ rí. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́. Páìpù wọn ṣì wà nínú ilẹ̀ títí dòní. Ilẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Orin Ọ̀gá Múfú dákẹ́. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí wa. Bí rígì bá dákẹ́ nígbà tí páìpù wà nínú iyanrìn, iyanrìn á wó dì mọ́ ọn, á gbá a mú bí ìgbà tí ọmọ bá gbá ọmú mú. Ẹ ò ní yọ páìpù, ẹ ò ní rí omi, ẹ ò sì ní lójú láti padà síbẹ̀.

*Lórí omi*

Wọ́n so ọkọ̀ pákó ńlá méjì pọ̀, wọ́n tẹ́ pákó lé wọn lórí, wọ́n sì ti rígì wa sórí rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: irin odindi tó jókòó lórí omi bí ìyàwó tuntun! Mo rò pé gbogbo rẹ̀ máa rì lójú mi. Kò rì. Ó kàn mì díẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó sì ń lọ.

Èmi ni mo ń pariwo. Mo di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń ké "Lá ìláhà!" ní gbogbo ìgbà tí omi bá ta sí wa. Ṣẹ́gun, awakọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró sídìí ọkọ̀ bí ẹni tó dúró sí pálọ̀ ilé bàbá ẹ̀, wò mí títí.

"Àǹtí, ẹ má fún ọkọ̀ mọ́wọ́ báyẹn. Kò ní sá lọ."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ẹ̀rín ṣe wọlé báyìí ni ẹ̀rù jáde. Mo gbójú sókè. Ẹyẹ funfun ń fò lójú omi, ewéko ń léfòó bíi pé ẹnìkan tẹ́ ẹní sójú omi lọ títí. Àwọn obìnrin tó ń tukọ̀ bọ̀ láti ọjà pàdé wa. Ọ̀kan nínú wọn ké sí wa pé, "Kí lẹ gbé yẹn?"

"Màlúù onírin ni!" ni Ṣẹ́gun fi dá a lóhùn.

"Ṣé ó ń fún wàrà?"

"Omi ló ń fún!"

Wọ́n fi àjẹ̀ lu omi fún wa, omi ta sí mi lójú, mo lá a. Ó níyọ̀. Ojú mi yára lọ sára rígì. Iyọ̀ àti irin kì í ṣọ̀rẹ́. Mo bọ́ ìborùn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin ká, oríkèé dé oríkèé, bí ìyá tí ń nu ojú ọmọ. Mo gbàgbé pé orí omi ni mo wà. Ìgbà tí mo máa rántí, a ti rí òrùlé Òde-Omi lókèèrè.

*Àwọn ará ibẹ̀*

Kí ọkọ̀ wa tó kanlẹ̀ ni etíkun ti kún. Àwọn ọmọdé ń fò, àwọn ìyá ń fi ọwọ́ tó kún fún ìpẹ́ ẹja júwe wa. Bàbá arúgbó kan nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Lékè ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí àwọn apẹja. Ó yí rígì wa po, ó wo Ọ̀gá Múfú, ó wo èmi tí mo di ìborùn tútù mú, ó wá ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo àwọn tó ṣáájú yín."

Ó mú wa lọ sẹ́yìn àwọn ilé kan. Páìpù tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ó yọrí níwọ̀nba àyà ènìyàn, ó ti pupa fún ìpẹtà. Àwọn ará ìlú ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń fi àwọ̀n kọ́ kó gbẹ. Bàbá Lékè ká àwọ̀n rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ kí a lè rí i dáadáa. "Ó wúlò," ló sọ. Ojú ẹ̀ kò yí padà rárá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún.

Ilé Ìyá Fúnmi ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ẹja ló ń yan, ẹ̀rín rẹ̀ sì pọ̀ ju èéfín rẹ̀ lọ. "Ọma mi, wọ ulé," ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Èdè wọn dún létí mi bíi tiwa tí omi wọ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń pàdánù ẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo wulẹ̀ ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" sí gbogbo ọ̀rọ̀, títí mo fi gbọ́ pé mo ti gbà láti fẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Mo ní ọkọ nílé, mà!" ni mo pariwo.

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Àbúrò ọkọ náà, bàbá kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, ń gbé akàn wá fún mi láràárọ̀.

Púpurú, òkèlè wọn tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja inú rẹ̀ ń wò mí. Mo fi ẹnu àlejò béèrè bóyá ẹran wà.

"Ẹran?" ni Ìyá Fúnmi wí. "Ẹran wo ló mọ omi í wẹ̀ débí?"

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo nu àwo. Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ wa, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀.

Ìgbà tí àkókò ìrun tó ni inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Ìyá Fúnmi bu omi sí kẹ́tùlù fún mi kí n fi ṣe àlùwàlá. Omi òjò ni. Omi kànga ìlú níyọ̀ tán pátápátá. Èyí tí wọ́n bá ń mu, bí òjò kò bá fi fún wọn, ọkọ̀ ló ń gbé e wá fún wọn. Mo wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún iyanrìn, mo wo omi tí èèyàn ń mu. Díẹ̀ báyìí ni mo lò, mo sì gbàdúrà pẹ́ ju bí mo ṣe máa ń gbà á lọ.

*Aláìsàn tí ara rẹ̀ yá*

Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan rígì, mo máa ń yí i po. Mo máa ń wo ọ́ìlì, mo máa ń fọwọ́ tọ́ gbogbo ìdè, mo máa ń fi gírísì tuntun ti ògbólógbòó jáde kí iyanrìn bá a jáde. Lẹ́yìn náà ni màá sọ pé "Bísímílàhì", wọn á tan án, a ó sì jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ kí a tó gbé iṣẹ́ fún un. Ohun tuntun nìyẹn jẹ́ fáwọn ará Òde-Omi. Wọ́n á gbé àpótí wá jókòó láti wò mí.

"Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?" ni obìnrin kan bi mí.

"Rárá, mà. Ara rẹ̀ yá."

"Kí wá lò ń tọ́jú ẹ̀ fún?"

"Kí ó má bàa ṣàìsàn ni, mà."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnìkan ní àwọn ará òkè lówó lọ́wọ́. Òmíràn ní ó jọ pé ọmọ yìí fẹ́ràn ẹ̀rọ ju ọkọ ẹ̀ lọ, àfẹ́sọ́nà mi eléyín díẹ̀ sì ní òun ò ní jowú. Àríyá lojúmọ́ wa. Páìpù ń wọlẹ̀, ẹrẹ̀ ń tú jáde, Ọ̀gá Múfú ń kọrin. A la amọ̀ kọjá, a wọ inú iyanrìn kan tó jìn, tó sì ń ya lulẹ̀. Ibi tí rígì àwọn àkọ́kọ́ kú sí nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni. Mo ń yí i po bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fọwọ́ ra rọ́bà dúdú kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ sókè, síbi tí agbára tó ń yí páìpù wà. Ọwọ́ mi kan ohun kan. Ó wú, ó sì rọ̀ bí oówo tó fẹ́ gbó. Ibi tó ti ń fara gbo irin nígbà tí ọkọ̀ ń mì wá lórí omi ni. Iyọ̀ ti bá a ṣe ìyókù.

Mo gbọ́wọ́ sókè sí Ọ̀gá Múfú. Ó mú ariwo ẹ̀rọ wálẹ̀.

"Rọ́bà yìí máa bẹ́, sà. Ẹ jẹ́ ká dúró."

"Ká dúró? Nínú iyanrìn yìí?" Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sìdíkátù, bí a bá dúró, ihò yìí lè wó. Ó kù díẹ̀ ká kọjá. Jẹ́ ká kọjá ná."

Òótọ́ ló ń sọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n. "Bó bá bẹ́ ká tó kọjá ńkọ́, sà? Páìpù á wà nísàlẹ̀, kò ní sí agbára tá a fi máa fà á. Ẹ jẹ́ ká fà á jáde nísinsìnyí tí ara ẹ̀rọ ṣì yá. Ká da ẹrẹ̀ tó ki kún inú ihò kó gbé ògiri ẹ̀ ró. Mo gbé rọ́bà mìíràn wá. Kò ní pẹ́."

Ó wo ilẹ̀, ó wo rọ́bà. Ó fọwọ́ kàn án. "Ẹ yọ páìpù," ló sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ igbe! Bí páìpù ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, gbogbo ìlú dé. "Ó ti bàjẹ́ o! Ó ti kú!" Ìyá Fúnmi kó ọwọ́ lérí. Àwọn kan ti ń ṣépè fún irin. Mo dúró láàárín wọn, ọ́ìlì títí dé ìgúnpá mi, mo ń pariwo pé, "Kò bàjẹ́! Kó má bàa bàjẹ́ ni!" Ó dún létí ara mi bí ọ̀rọ̀ wèrè. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, n kò lè dá a dúró. Àwọn èèyàn sì ń wò mí pé orí ọmọ yìí ti dàrú.

Bàbá Lékè ló pín àwùjọ náà níyà. Ó na ọwọ́ sí mi. "Gbé e wá."

Mo fún un ní rọ́bà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ó di ojú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ti rí i tó ń tẹ okùn àwọ̀n rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Ó dé ibi tó wú, ó dúró. Ó la ojú.

"Okùn tó fẹ́ já ni," ló sọ fún wọn. "Ta ni nínú yín tó ń gbé irú èyí lọ sójú òkun? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣiṣẹ́."

Igbe náà dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá ó yé gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó yé Bàbá Lékè, ìyẹn sì tó.

Mo so rọ́bà tuntun. Mo rò ó wò pé bí ihò yẹn bá ti wó, èmi ni mo wó o. A tan ẹ́ńjìnnì, a bẹ̀rẹ̀ sí í ti páìpù padà sínú ihò. Ó ń lọ, ó ń lọ, lójijì ó kan nǹkan, ó dúró. Ọ̀gá Múfú kò wò mí. Ó yí i díẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún yí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti sùn. Páìpù náà kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà títí ó fi kan ìsàlẹ̀.

Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀gá Múfú ló tún bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, a fi ọ̀bẹ la rọ́bà àtijọ́ náà. Púpọ̀ nínú wáyà inú rẹ̀ ti jẹrà, díẹ̀ ṣì le. "Ó lè gbé wa kọjá o," ni Ọ̀gá Múfú wí.

"Ó sì lè má gbé wa kọjá, sà."

A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. A ò ní mọ̀ láéláé. Bí iṣẹ́ mi ṣe rí nìyẹn.

*Ọjọ́ omi*

Lẹ́yìn tí a la iyanrìn náà kọjá tí a kan omi, tí a sì ti fi páìpù tó máa dúró títí láé sínú ihò náà, a fi afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ tú jáde, gbogbo ìlú sá. Lẹ́yìn náà omi pupa, lẹ́yìn náà omi bíi tíì tí wọ́n bu wàrà sí. Nígbà tó yá, ó mọ́. Ó mọ́ débi pé oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn. Ìyá Fúnmi ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó yí padà, ó sáré lọ sílé, ìgbà tó padà dé, ọṣẹ ló mú lọ́wọ́.

Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ahọ́n lè tan ènìyàn, ọṣẹ kì í tan ni jẹ. Omi tó bá níyọ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Níṣojú gbogbo ìlú, ó fi omi náà pa ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ra á, ó ra á.

Ó hó.

Ó hó funfun, ó hó jáde láàárín ìka rẹ̀, ó ń ṣàn títí dé ìgúnpá. Ìyá Fúnmi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn rí i, ó figbe ta, "Ó hó o! Ọṣẹ hó!"

N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e létòlétò. Àwọn ọmọdé ti bọ́ra sílẹ̀. Gbogbo ilé ni ọṣẹ ti ń jáde. Ìfófò gba ilẹ̀ kan. Wọ́n mú Ọ̀gá Múfú pẹ̀lú bàtà rẹ̀, wọ́n fi ìfófò bò ó títí dé etí, ó sì ń kọrin lábẹ́ ẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi fọ ọwọ́ mi tó kún fún gírísì, ìka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gírísì náà sì kọ̀ tí kò lọ. "Alhamdulillahi," ni mo ń wí, mo ń rẹ́rìn-ín, ọṣẹ ń wọ̀ mí lójú.

Bàbá Lékè rọra ń bọ̀. Wọ́n la ọ̀nà fún un. Ó dúró níwájú omi náà, ó wò ó bí ó ṣe wo rígì wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e fún mi mú. Bàbá arúgbó náà tẹ̀ ba, ó gbé orí funfun rẹ̀ sábẹ́ omi, ó dijú.

"Ìyàwó," ló sọ fún mi látìsàlẹ̀, omi ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá, "pa ọṣẹ sí i dáadáa."